Programme music: báwo ni píánò ṣe ń fi òkè hàn wá?

Tẹ́ ẹ bá rí "programme music" níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé orin kan, kò ju pé orin ọ̀hún ní nǹkan pàtó tó fẹ́ kẹ́ ẹ máa fojú inú wò bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ ìtàn, ó lè jẹ́ ìjì, ó lè jẹ́ òkè, bẹ́ẹ̀ ó lè má sí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i o.

Tòkè yìí, àwọn tó fi píánò ṣe é pọ̀. Franz Liszt, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ń ṣe orin píánò, ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, òun àti Marie d'Agoult, olólùfẹ́ ẹ̀, ló gba Swítsàlandì lọ ní 1835, ohun tó rí láàárín àwọn òkè Alps yẹn ló wá di orin mẹ́sàn-án nínú Années de pèlerinage, àkójọ orin píánò ẹ̀, apá ti Suisse (ìyẹn Swítsàlandì), tó jáde ní 1855. Vincent d'Indy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, náà ṣe Poème des montagnes ní 1881.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ò ṣòroó rí. Ọwọ́ òsì á lọ sísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ohùn ti wúwo, ọwọ́ ọ̀tún á gòkè réré, wọn ò ní fi nǹkan kan sáàárín, etí yín á sì gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Tó bá jẹ́ ìjì orí òkè ni, bíi ti Orage (ìyẹn "ìjì" lédè Faransé) tí Liszt ṣe, ọwọ́ méjèèjì á máa sáré lórí píánò kíkankíkan. Ká má parọ́ ṣá, orúkọ orin ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn, ẹ yọ Orage kúrò lórí ẹ̀, ẹlòmíì á ní ogun lòun ń gbọ́.

Gbohùngbohùn ló wá dùn jù. Nínú Chapelle de Guillaume Tell, ọ̀kan lára orin mẹ́sàn-án Liszt yẹn, ẹ máa gbọ́ ìpè bíi ti ìwo tí wọ́n ń fọn, òkè á sì máa dá a lóhùn. Pẹ́dà apá ọ̀tún, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ló ń ràn án lọ́wọ́: nínú píánò, nǹkan kéékèèké tí wọ́n lẹ aṣọ tó nípọn mọ́ ló ń tẹ okùn irin mọ́lẹ̀ kó lè dákẹ́, tẹ́ ẹ bá ti tẹ pẹ́dà, gbogbo wọn á gbéra kúrò lórí okùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn á máa lọ, kódà okùn tẹ́ ò fọwọ́ kàn á máa bá a gbọ̀n. Tó bá pẹ́ jù nílẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ra wọn, àwọn tó fẹ́ kùrukùru sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán an wò láì tẹ pẹ́dà. Ẹ tẹ C àárín, ìyẹn ohùn tí wọ́n ń pè ní C tó wà láàárín píánò, jẹ́jẹ́ débi tí ò fi ní dún, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò o, kẹ́ ẹ wá gbá C tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀, lápá òsì, gbàà kẹ́ ẹ sì yọwọ́ kíá. Èyí tẹ́ ẹ gbá á ti dákẹ́, ti àárín tẹ́ ò gbá lẹ máa gbọ́ tó ń dún wẹ́rẹ́. Kíbọ́ọ̀dù oníná ò lókùn nínú, torí náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí àwọn tó ṣe é bá ti fi irú ohùn yẹn sí i, ọ̀pọ̀ àwọn tówó wọn pọ̀ ló máa ń ní in.