Fífún iná lọ́rùn kì í dá igi sí: bí sítóòfù ṣe ń mú ahéré Alaska gbóná

Ní àyíká ìlú Fairbanks, láàárín gbùngbùn Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé inú ahéré onígẹdú tí omi ẹ̀rọ kò dé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi nísàlẹ̀ níbi púpọ̀, owó ńlá sì ni gbígbẹ́ kànga ń gbà. Nítorí náà kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń pọn omi láti ìgboro, ṣáláńgá sì wà ní ìta. Ẹni tó bá ti pọn omi rí kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ibi tó yẹ kéèyàn jókòó tì ni sítóòfù onírin tó wà láàárín ilé, nítorí pé bí oṣù Kejìlá bá ń parí lọ, oòrùn kì í lò tó wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀run, òtútù sì lè já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo, níbi tí Celsius àti Fahrenheit ti ń bára wọn mu.

Èrò kan wà tí kò tán lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi igi yáná: pé bí oorun bá ti ń kùn wọ́n, kí wọ́n kó igi kún sítóòfù dẹ́nu, kí wọ́n ti ihò atẹ́gùn rẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó pa dé, kí igi máa rú èéfín jẹ́jẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣún igi lò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Igi ń ṣòfò, ilé sì wà nínú ewu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sítóòfù rèé. Nígbà tí iná bá ran igi, omi inú igi ló kọ́kọ́ ń hó jáde. Lẹ́yìn náà ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í tú igi sí èéfín, èéfín yìí gan-an ló sì ń jó tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Ó ju ìdajì ooru igi lọ tó wà nínú èéfín náà. Ìyókù wà nínú èédú tó bá ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n èéfín kì í gbiná bí ooru kò bá tó nǹkan bí 600 lórí ìwọ̀n Celsius, tí atẹ́gùn kò sì tó o. Ẹni tó ti ihò atẹ́gùn pa ti gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín á gba òkè òrùlé lọ láìjó, á sì gbé ooru tí onílé fi àáké làágùn fún lọ.

Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ wo ọmọrí ìkòkò tó ń hó lórí iná. Ọ̀ọ̀rù tó gòkè kò rí ọ̀nà, ó kan irin tó tutù jù ú lọ, ó di omi, ó sì kán padà sínú ọbẹ̀. Páìpù èéfín náà ní ọmọrí tirẹ̀: apá òkè rẹ̀ tó yọ sórí òrùlé, níbi tí òtútù ti ń lù ú. Bí ara páìpù bá tutù ju nǹkan bí 120 lọ, ọ̀ọ̀rù àti ọ̀dà inú èéfín á lẹ̀ mọ́ ọn. Omi ọmọrí ìkòkò kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ọbẹ̀ ló ń padà sí. Ṣé kí a wá ronú ọmọrí tí ohun tó ń kán lára rẹ̀ jẹ́ epo, tí kì í kán padà, tó ń gan mọ́ irin lálaalẹ́, tí iná sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Páìpù tí wọ́n ń fún iná rẹ̀ lọ́rùn nìyẹn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, onílé á ṣí atẹ́gùn kí iná lè sọ, ọwọ́ iná á gùn ún lọ, ọ̀dà á gbiná, páìpù á máa dún hùù. Ooru ibẹ̀ lè kọjá 1,000. Òrùlé sì rèé, gẹdú ni. Omi tó wà nílé kò ju inú kẹ́ẹ̀gì lọ.

Ìdí nìyí tí páìpù tó dára fi jẹ́ onípele méjì, pẹ̀lú ohun tí ń dá ooru dúró láàárín, tó sì máa ń gba àárín ilé gòkè tààrà dípò kó gba ẹ̀yìn ògiri.

Ọgbọ́n tó wà nínú páìpù yìí ga. Kò ní mọ́tò, kò ní fáànù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó ń gòkè, ó sì ń fa tuntun wọlé láti ìsàlẹ̀. Bí ìta bá ṣe tutù tó ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru inú páìpù àti ti ìta ṣe ń pọ̀ tó, nítorí náà alẹ́ tó burú jù lọ gan-an ni páìpù ń fà dáadáa jù lọ.

Igi ló kù. Birch ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ níbẹ̀, nítorí ó wúwo, ooru rẹ̀ sì pọ̀ ju ti spruce lọ. Àmọ́ èèpo birch kì í jẹ́ kí omi kọjá. Èyí tí wọn kò bá là á máa jẹrà nínú èèpo rẹ̀ kó tó gbẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ là á kí ìgbà ooru tó wọlé, kí wọ́n tò ó kúrò nílẹ̀, kí wọ́n bo orí rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn, títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Igi tútù tí wọ́n bá gé nígbà òtútù ń tan ènìyàn jẹ. Ó dì, àáké kan á là á sí méjì, ọwọ́ kò sì ní rin tó bá kàn án. Omi rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí kílò mẹ́rin nínú kílò mẹ́wàá igi bá jẹ́ omi, lítà mẹ́rin ni sítóòfù yóò kọ́kọ́ hó dànù.

Èéfín tó bá sì bọ́ sọ́wọ́ Fairbanks kì í tètè lọ. Òkè yí ìlú náà ká ní ọ̀nà mẹ́ta, nígbà òtútù afẹ́fẹ́ gbígbóná á bo ti tútù mọ́lẹ̀, èéfín á há sáàárín àwọn ilé. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá burú, ìjọba a máa pàṣẹ pé kí ẹni tó ní ọ̀nà mìíràn láti mú ilé rẹ̀ gbóná má dá iná igi.

Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é lálẹ́ ni pé kí wọ́n wa ògúnná síwájú, kí wọ́n kó igi gbígbẹ tó tóbi sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n ṣí atẹ́gùn títí iná yóò fi mú gbogbo igi náà, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ iná má sì kú. Tó bá di pé ògúnná nìkan ló kù, ewu mìíràn ti dé: gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí, ń jáde lára èédú, páìpù kò sì fà dáadáa mọ́. Ẹ̀rọ tí ń ké nígbà tí gáàsì yìí bá pọ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibùsùn, ẹnu páìpù kò sì gbọ́dọ̀ di títì títí èédú tó kẹ́yìn yóò fi di eérú.