Òkúta Abẹ́òkúta Kì Í Dàgbà

Ẹ wọ àgbàlá ilé ní Ìkìjà tàbí Ìtòkò, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé: "Òkúta yìí ò tó báyìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ti dàgbà." Ohun tí ojú wọn rí kì í ṣe irọ́. Òkúta náà yọrí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkúta kì í hù. Ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ló ń lọ: ọdọọdún ni àgbàrá ń gbá yẹ̀pẹ̀ lọ sínú odò Ògùn, ohun tó farapamọ́ sì ń yọjú. Ẹ wo ògiri ilé àtijọ́ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti hàn síta. Ṣé ilé náà ló hù ni?

Àwọn onímọ̀ tó ń wádìí bí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ṣe rí láyé àtijọ́ ló mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Àwọn ará ilé wọn pàápàá máa ń rò pé góòlù ni wọ́n ń wá kiri! Ìtàn ilẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ẹ sún mọ́ Olúmọ, ẹ ó rí àwọn hóró ńlá tó ń dán lára rẹ̀. Hóró ò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ àfi bí òkúta yíyọ́ bá tutù díẹ̀díẹ̀, jìnnà sísàlẹ̀ ilẹ̀. Irú òkúta báyìí dì ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Èyí tó sán káàkiri ni omi wọ̀, tó jẹrà di yẹ̀pẹ̀, tí òjò sì gbá lọ. Èyí tí kò sán púpọ̀ ló ṣẹ́ kù sókè. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀ ní 1830, Olúmọ ti ga bó ṣe ga lónìí.

Àwọn onímọ̀ yìí tún lè mọ bí òkúta ti pẹ́ tó níta. Ìtànṣán láti òfuurufú máa ń dá èròjà kan tó ń jẹ́ beryllium-10 sílẹ̀ lára òkúta tí ilẹ̀ ò bò mọ́. Bó bá ṣe pọ̀ sí i ni òkúta ṣe pẹ́ níta sí i.

Ní ti ojú ọjọ́, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni ìwé wọn. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó kì í tètè jẹrà nínú rẹ̀, òun ló sì ń sọ irú igi tó hù láyé àtijọ́, tí igi náà sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò ní agbègbè Niger Delta, ó sì rí i pé lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn.

Ọmọ Abẹ́òkúta tí iṣẹ́ yìí bá wù kò ní láti rìn jìnnà. Kó di jọ́gíráfì, físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò mú dáadáa níléèwé girama. Wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè.