Bí ẹ̀rọ àdììtú ṣe di ohun ìjà lójú òfin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ka ìtàn òfin tó ń ṣọ́ títa ẹ̀rọ àdììtú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, sí òkè òkun láti ọdún 1949, nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ CoCom sílẹ̀ ní Paris, kí ọjà tó wúlò fún ogun má baà dé ọwọ́ Soviet. N kò bá wọn jiyàn ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni wọ́n dì mú, wọn kò tíì dé ìdí igi.

Lójú tèmi, orí àtẹ ọjà ní Jámánì ni ìdí igi náà wà. Ní 1918 ni Arthur Scherbius béèrè ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí a wá mọ̀ sí Enigma, nígbà tó sì di 1923, wọ́n ti ń tà á fún báǹkì àti oníṣòwò. Ó jọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: bí o bá tẹ lẹ́tà kan, iná á tàn lórí lẹ́tà mìíràn, kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ á sì yí, tó fi jẹ́ pé bí o bá tún tẹ lẹ́tà kan náà, ibòmíràn ni iná lè tàn sí. Àwọn baba wa mọ orúkọ sọ ní tiwọn: àdììtú ni ohun tí a dì, tí kò ṣe é tú. Ní 1926, ọmọ ogun ojú omi Jámánì gbà á lò. Marian Rejewski, ọmọ Poland, tú u ní 1932. Ní oṣù Keje 1939, àwọn Poland fi ọ̀nà náà han àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá iṣẹ́ náà lọ ní Bletchley Park, ibùdó tí wọ́n ti ń tú àdììtú ọ̀tá, tí wọ́n sì pa á mọ́ lẹ́nu títí di 1974. Ta ni yóò rí bí ọjà orí àtẹ ṣe di ohun ogun báyìí, tí yóò tún fẹ́ kí a máa tà á bí iyọ̀? Ìdí rèé, mo gbà bẹ́ẹ̀, tí Amẹ́ríkà fi to ẹ̀rọ àdììtú mọ́ ìbọn àti bọ́ǹbù nínú àkọsílẹ̀ ohun ìjà rẹ̀. Àwọn tó sọ pé owó nìkan ló wà nídìí rẹ̀ kò wo ẹ̀yìn tó.

Nítorí òfin yìí, Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tí a fi ń wo ìkànnì ayélujára, wá ń ṣe oríṣi méjì: kọ́kọ́rọ́ àdììtú 128 bit fún ará ilé, 40 bit fún ará òkèèrè; bí bit bá ṣe pọ̀ tó ni kọ́kọ́rọ́ ṣe ń ṣòro já tó. Ní oṣù Kẹjọ 1995, Damien Doligez ní Faransé fi ọjọ́ mẹ́jọ já ti 40 bit. Lọ́dún kan náà, MIT Press tẹ gbogbo kóòdù PGP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń di lẹ́tà orí ayélujára ní àdììtú, iṣẹ́ Phil Zimmermann, sínú ìwé, nítorí òfin lè dá ètò kọ̀ǹpútà dúró ní ẹnubodè, ṣùgbọ́n agbára káká ni yóò fi dá ìwé dúró.

Ní oṣù Kọkànlá 1996, Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, yọ àdììtú ti oníṣòwò kúrò lára ohun ìjà. Wassenaar, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ohun ìjà àti ọjà tó wúlò fún ogun, rọ́pò CoCom lọ́dún yẹn. Ní 2000, okùn òfin tún dẹ̀. Ti cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí a ń tọ́jú nǹkan sí lórí ayélujára, dé ní 2016: ìmọ̀ ẹ̀rọ tí kì í ṣe àṣírí ìjọba, tí a bá dì í láti ọwọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ títí dé ọwọ́ ẹni tó gbà á, tí a kò sì mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí Rọ́ṣíà tàbí àwọn ilẹ̀ bíi Ṣáínà, òfin Amẹ́ríkà kò kà á sí ọjà tó jáde nílùú mọ́.