Ìbàjẹ́ tí oòrùn ń ṣe sí awọ ara àfín

Ìpalára tí oòrùn ń ṣe sí awọ àfín máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, á sì máa gorí ara wọn lọ́dọọdún. Mẹ́lánínì, èròjà tó ń mú awọ dúdú tó sì ń gba ìtànṣán oòrùn dúró, kò tó lára àfín, tàbí kí ó má sí rárá. Nínú ìtànṣán oòrùn, èyí tó ń jẹ́ UVB ló sábà máa ń jó òkè awọ. Èyí tó ń jẹ́ UVA máa ń wọlé jìnnà, ó sì ń ba àwọn okùn tó ń jẹ́ kí awọ dúró dáadáa jẹ́. Kódà ó ń gba inú gíláàsì mọ́tò kọjá. Ìjóná òkè awọ lè san láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ tó ti wọ inú DNA, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ara ń tẹ̀ lé, kì í bá a lọ tán.

Awọ á kọ́kọ́ pọ́n, á máa ta, á sì bó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú, etí, ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ á nípọn, wọ́n á hunjọ, ètè ìsàlẹ̀ á sì máa là. Èyí tó yẹ ká ṣọ́ jù ni ojú ibi tó rí ṣákaṣàka bíi sáńpépà káfíńtà. Ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Bí a bá ṣí i kúrò, á tún hù. Solar keratosis ni wọ́n ń pè é, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń di jẹjẹrẹ. Squamous cell carcinoma ni jẹjẹrẹ awọ tó wọ́pọ̀ jù lára àfín ní Áfíríkà. Nínú ìwádìí tí A. N. Okoro tẹ̀ jáde ní 1975 lórí àfín ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó ti lé ní ẹni 20 ọdún tí kò ní jẹjẹrẹ awọ tàbí àmì tó ń ṣáájú rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àfín kì í jẹyọ̀. Iyọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa egbò wọ̀nyí. Oòrùn ló fà á.

Aṣọ ni ààbò àkọ́kọ́: ẹ̀wù alápá gígùn tí a hun pọ̀ dáadáa, àti akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7.5 yí ká. Féèsì-káàpù ń fi etí àti ẹ̀yìn ọrùn sílẹ̀ fún oòrùn. Abetí ajá tí a fa etí rẹ̀ wálẹ̀ ń bo etí, ṣùgbọ́n kò bo ojú. Oòrùn aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló le jù, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé ìwé gba ọmọ tó jẹ́ àfín láàyè láti wọ alápá gígùn, kí ó sì dúró sábẹ́ òjìji nígbà eré ìdárayá.

Ìpara adènà-oòrùn gbọ́dọ̀ jẹ́ SPF 30 ó kéré tán (SPF ni nọ́ńbà ara ìgò tó ń sọ bí ìpara ṣe lè dènà ìjóná oòrùn tó). A ó fi í para ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 ká tó jáde, a ó sì máa tún fi í para ní wákàtí méjì-méjì, tàbí bí a bá làágùn. Gbogbo ara àgbàlagbà ń gba nǹkan bíi mílílítà 30. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń ta á lé ara fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ìpara tó bá ti fẹ́lẹ́ kì í dáàbò bo ara tó bí nọ́ńbà ara ìgò rẹ̀ ṣe sọ. Ẹ má gbàgbé etí àti ètè.

Egbò tó bá lo ọ̀sẹ̀ 4 láìjinná kì í ṣe ti ọṣẹ dúdú tàbí àgbo mọ́. Dókítà awọ ara á bu díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè fi náítírójìn olómi tàbí ìpara fluorouracil pa solar keratosis. Jẹjẹrẹ tó ṣì kéré ṣeé gé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ nìkan, kí èèyàn sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Èyí tí a bá jẹ́ kó pẹ́ lè jẹ etí tán, tàbí kí ó ràn dé kókó ọrùn.