Líbátì Ìbàdàn: ohun tó ń mú pápá ìṣeré wà láàyè

Ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí pápá ìṣeré ńlá kan lágbègbè Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Òmìnira náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Liberty Stadium. Láti 2010 ló ti di Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lórí ìwé, síbẹ̀ èrò ọkọ̀ tó bá fẹ́ sọ̀ níbẹ̀, "Líbátì" ni yóò pè.

Koríko bọ́ọ̀lù wà láàárín, ojú ọ̀nà àwọn eléré ìje yí i ká, ìjókòó sì wà lẹ́yìn ìyẹn. Èyí mú kí olùwòran jìnnà sí bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń dun ẹni tó fẹ́ rí ojú agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kí pápá kan ṣoṣo gba onírúurú eré. Ní 10 Oṣù Kẹjọ 1963, okùn ìjà ni wọ́n ta síbẹ̀. Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà, kojú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà nítorí ìgbànú àgbáyé, irú ìjà tí Nàìjíríà kò gbà lálejò rí. Lẹ́yìn ìpele keje, Fullmer kò jáde mọ́.

Ti bọ́ọ̀lù tó wúni lórí jù ni ti 1976. Nílé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn odi lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń gbá àṣekágbá ife Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nígbà náà. IICC Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, na Tonnerre ti Kamẹrúùnù ní 4 sí 1 ní Líbátì. Wọ́n fìdí rẹmi ní 1 sí 0 ní Yaoundé, àmọ́ iṣẹ́ ti parí láti Ìbàdàn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn. Ìdíje Ife Áfíríkà ti àwọn orílẹ̀-èdè ní 1980 àti ti àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní 1999 náà dé pápá yìí.

Ilẹ̀ ni àṣírí irú pápá bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe àárín rẹ̀ kó ga díẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi òjò lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ koríko á sì fa ìyókù mu. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ níbi ìpàdé ìsìn tàbí òde orin, ilẹ̀ á le gbagidi, omi á dá gúdú, gbòǹgbò á sì kú. Ńṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ gún un níhò, kí wọ́n da yanrìn sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kó sinmi.

Ìtọ́jú yìí kì í ṣòro níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ń gbé. Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni Líbátì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pápá ìṣeré Adámásingbà n'Ìbàdàn kan náà, tí wọ́n fi orúkọ Lékan Sàlámì pè, jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibẹ̀ sì ni ilé 3SC, ìyẹn Shooting Stars. Bí ìdíje bá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, dandan ni kí ẹnì kan gé koríko lọ́sẹ̀ yìí.