Ìtọ́jú ọ̀kadà tó ń gba ọ̀nà oko

Ọ̀kadà tó ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde láti oko ní agbègbè Ìdànrè kì í sábà rí ọ̀dà tẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ló ń tọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ ló sì ń là kọjá nígbà òjò. Eruku yìí ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí ìtọ́jú fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Fílítà ló ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kó tó dé kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Bí ó bá dí, epo á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ̀fín dúdú á máa jáde, agbára ọ̀kadà á sì dín kù lórí òkè. Bí ó bá ya, tàbí tí wọ́n yọ ọ́ sọ nù kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́, ọ̀rọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: iyanrìn kíkúnná á wọ sílíńdà, ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, á máa jẹ ríìngì písítìnì, òrùka irin tó ń dí àlàfo inú rẹ̀, títí tí ọ́ìlì yóò fi máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí yóò sì máa jóná pọ̀ mọ́ epo. Ẹ̀fín aláwọ̀ búlúù ni àmì rẹ̀, títú ẹ́ńjìnnì ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Fílítà oní-fóòmù ṣeé fi ọṣẹ àti omi fọ̀. Ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde láìlọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Èyí tó jẹ́ oní-bébà kò gbọ́dọ̀ kan omi rárá.

Bí ọ̀kadà bá kọ̀ tí kò jí, nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò: epo, iná láti ẹnu púlọ́ọ̀gì (ohun tó ń ṣáná sí epo), àti ìfúnpọ̀ inú sílíńdà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n. Epo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: kò sí ìdí láti tú kabúrétọ̀ nígbà tó jẹ́ pé táàpù abẹ́ táǹkì ni wọn kò ṣí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, nítorí òun ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti ta kíkì léraléra, epo kò dé ibẹ̀. Bí epo bá rin ín, iná ló ṣeé ṣe kó má sí, tàbí kí epo ti pọ̀ jù. Àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni àwọ̀ àlàáfíà. Èédú gbígbẹ ń tọ́ka sí epo àpọ̀jù tàbí fílítà tó dí, ọ́ìlì dúdú ń tọ́ka sí ríìngì tó ti jẹ, funfun báláú sì ń fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù nítorí pé epo kéré.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rọrùn jù láti dà nù nígbà tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ó máa ń kó ìdọ̀tí jáde pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí ó bá ti funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ gùn ún títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣéènì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì tọ́jú. Nígbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ìjókòó máa ń wọlẹ̀ sún mọ́ táyà ẹ̀yìn, ṣéènì á sì túbọ̀ le. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ní àárín rẹ̀, kó má baà já tàbí kó jẹ bíárì táyà, ìyẹn irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geere.