Bí dróònù ṣe ń padà balẹ̀ síbi tó ti gbéra gan-an

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi dróònù ya fọ́tò máa ń rò pé ìgbà tó bá ń bọ̀ nílẹ̀ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ, kó má lọ bà sínú kòtò tàbí sórí igi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tó ń gbéra lọ̀rọ̀ ibi tó máa bà sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, láàárín ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá ti kánjú níbẹ̀, bọ́tìnì RTH (Return to Home, èyí tó ń pe dróònù padà síbi tó ti gbéra) tí wọ́n bá tẹ̀ nígbà tó yá á kàn gbé e padà sítòsí ni, ìtòsí yẹn sì lè jẹ́ orí òrùlé ẹlòmíì.

Sátẹ́láìtì ni dróònù kọ́kọ́ máa ń wá. GPS ti Amẹ́ríkà làwọn èèyàn mọ̀ jù, àmọ́ ọ̀pọ̀ dróònù ìsinsìnyí tún ń gbọ́ Galileo ti Yúróòpù, GLONASS ti Rọ́ṣíà àti BeiDou ti Ṣáínà. Àwọn ti GPS wà lókè níbi tó tó bíi kìlómítà 20,200, kálukú wọn ń fi aago tó wà nínú ẹ̀ ránṣẹ́ sílẹ̀, dróònù á wá wo bó ṣe pẹ́ tó kí iṣẹ́ yẹn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mọ bóun ṣe jìnnà sí wọn tó. Ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ gbọ́ 4, torí 3 wà fún ibi tó wà, ìkẹrin sì wà torí pé aago inú dróònù fúnra ẹ̀ ò péye tó. Gbogbo ẹ̀ dá lórí aago, tí aago bá fi ìdá kan péré nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀, ibi tó ń pè ti yẹ̀ ní bíi sẹ́ńtímítà 30 nìyẹn. Afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún máa ń dá iṣẹ́ yẹn dúró díẹ̀, ògiri gíga náà máa ń gbá a padà kó tó dé, ìdí nìyẹn tí GPS lásán fi máa ń yẹ̀ ní mítà kan, méjì, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo dróònù Mavic Air 2 tí iléeṣẹ́ DJI ṣe. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ síbẹ̀ pé tó bá dúró lójú kan lókè, tó jẹ́ GPS nìkan ló ń lò, ó lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mítà 1.5, àmọ́ tí kámẹ́rà abẹ́ ikùn ẹ̀ bá ń rí ilẹ̀, sẹ́ńtímítà 10 péré ni. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló ń pinnu bóyá á bà sórí pátákó tàbí sínú koríko.

Tí sátẹ́láìtì bá ti pọ̀ tó, á kọ ibi tó wà sílẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní home point, ohùn á sì jáde nínú ápù pé ó ti gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohùn yẹn jáde kẹ́ ẹ tó gbé e. Ibí yìí ló ti máa ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: oòrùn ti ń wọ̀, wọn ò fẹ́ kí ojú ọ̀run tó rẹwà yẹn kọjá, wọ́n tan dróònù, wọ́n gbé e lójú ẹsẹ̀, ó ti lọ síwájú bíi mítà 15, ó ti wà lórí odò, ìgbà yẹn lohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ pé òun ti gba home point. Orí odò yẹn ló máa padà wá bà sí. Dróònù ò ṣe àṣìṣe kankan o, ohun tí wọ́n kọ fún un ló ń tẹ̀ lé.

Kọ́ńpáàsì náà ní tiẹ̀. Irin ò bá a lára mu rárá, torí náà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tàbí orí kọnkéré tí irin kún inú ẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ti ń gbé dróònù. Tí kọ́ńpáàsì bá ti ṣì í lọ́nà, GPS á máa sọ ibi tó wà, kọ́ńpáàsì á máa sọ ibi tó kọjú sí, àwọn méjèèjì ò ní bára mu, dróònù á wá máa yí po yí po lókè bí ẹni tí òòyì ń kọ́, òbìrí yẹn á sì máa fẹ̀ sí i.

Ti gíga kò le púpọ̀. Bàròmítà ló ń wọn agbára afẹ́fẹ́, nítòsí ilẹ̀ ó máa ń dín ní bíi hectopascal 1 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) fún mítà 8 tó bá gòkè. Àmọ́ ojú ọjọ́ lè yí padà nígbà tó ṣì wà lókè, kí ìṣirò ẹ̀ sì yẹ̀, ìyẹn ni sẹ́ńsọ̀ abẹ́ ikùn fi máa ń gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ tílẹ̀ bá ti sún mọ́.

Ní báyìí, kámẹ́rà ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn. Bí dróònù ṣe ń gòkè, kámẹ́rà yìí ń ya ilẹ̀ tó kúrò lórí ẹ̀. Kì í ṣe torí ẹwà, àmì ló ń wá: igun òkúta, ibi tí koríko ti pàdé ìyẹ̀pẹ̀, ìlà tó la ilẹ̀ kọjá, gbogbo ohun tí kò jọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bó ṣe ń ga sí i làwọn àmì yẹn ń kéré sí i, tí ilẹ̀ tó ń rí sì ń fẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìlò àwọn DJI kan fi sọ pé kó gòkè tààrà, kó kọjá mítà 7, kó tó yà síbì kankan. Ẹni tó bá gbé e sókè mítà 2 tó sì ti fi í síwájú, kò fún un láyè láti mọ ojúlé ẹ̀.

Tó bá wá ń bọ̀, GPS á gbé e dé òkè ibẹ̀, ó lè ku mítà kan tàbí méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kámẹ́rà á máa fi ohun tó ń rí wé èyí tó ti yà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn á rí i: ó ń bọ̀ ó ń bọ̀, ó dúró díẹ̀, ó sún sósì bí ààbọ̀ ìṣísẹ̀, ó tún sọ̀, ó tún sún sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rí ohun tó lè mọ̀. Orí omi kò sí, torí omi kì í dúró. Iyanrìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, yìnyín tó bo gbogbo ilẹ̀, táìlì tó jọra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo wọn ló ń dà á láàmú. Òkùnkùn náà ńkọ́? Tó bá gbéra nígbà tí oòrùn ṣì wà, tó wá padà lẹ́yìn tó ti wọ̀, ilẹ̀ yẹn ti yí padà lójú ẹ̀ nìyẹn. Bákan náà ni tí wọ́n bá ti wa mọ́tò tó wà níbẹ̀ lọ. Tẹ́ni tó ń wà á bá sì ti yí home point padà nígbà tó wà lókè, bóyá ó ní kó wá bá òun níbi tóun rìn dé, kò sí fọ́tò ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, GPS nìkan ló kù.

Pátákó ìbalẹ̀ tó ní àwọ̀ méjì àti lẹ́tà H gàgàrà máa ń ràn án lọ́wọ́ gan-an lórí ilẹ̀ tí kò lámì, tí wọ́n bá kàn án mọ́lẹ̀. Èyí tí wọn ò kàn mọ́lẹ̀, atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ dróònù fúnra ẹ̀ ló máa gbé etí ẹ̀ sókè tó sì máa sún un kúrò, kò tún jọ fọ́tò mọ́.

Àwọn tó ń to dróònù tiwọn jọ lórí ArduPilot tàbí PX4, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí dróònù, máa ń lo àmì onígun mẹ́rin dúdú àti funfun bíi AprilTag tàbí ArUco, tàbí iná infrared, tí ojú èèyàn ò lè rí, tí wọ́n gbé sílẹ̀, kí dróònù máa wá ohun kan ṣoṣo yẹn dípò kó máa há gbogbo ilẹ̀ sórí. Ó dáa jù tó bá jẹ́ pé ibì kan náà ló ń bà sí lójoojúmọ́. RTK tún wà, ẹ̀rọ kan á dúró lójú kan nílẹ̀, á máa sọ fún dróònù bí GPS ṣe ń yẹ̀ tó, wọ́n á sì jọ ka ìgbì tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́, tó gùn tó bíi sẹ́ńtímítà 19, ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń dé orí sẹ́ńtímítà mélòó kan. Owó ẹ̀ wọ́n, fún ẹni tó kàn ń ya fọ́tò kò pọn dandan.

Ní ààbọ̀ mítà tó kẹ́yìn, atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ sísàlẹ̀ á máa ta padà látilẹ̀, dróònù á fẹ́ máa léfòó. Tí wọ́n bá rí i pé ó ń yà, kí wọ́n rọra fi ọ̀pá rìmóòtù sún un, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà á láìdá ìbalẹ̀ dúró.

Bátìrì ni kí wọ́n má gbàgbé. Tó bá ti lọ sílẹ̀ jù, dróònù ò ní wá home point kankan mọ́, ibi tó bá wà lásìkò yẹn ló máa sọ̀ sí. Atẹ́gùn tó ń gbé e lọ nígbà tó ń lọ ló máa dojú kọ ọ́ tó bá ń bọ̀, ọ̀nà kan náà á wá jẹ bátìrì ju ti àlọ lọ. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá le, kí wọ́n tètè dá dróònù padà nígbà tí bátìrì ṣì ku ju ààbọ̀ lọ.